Oúnjẹ Ilẹ̀ Wa àti Àpò Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ owó tí a fi ń gbé ìkòkò náà ka iná. Àwọn baba wa wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n oríṣi ebi méjì ni ó wà. Èkíní ni ebi tí ń pa ikùn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èkejì ni ebi tí ń pa ara nígbà tí ikùn yó: ẹni náà jẹun tán, ó sì gbé àwo kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ kò sì ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ebi kejì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé òun ni kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

A sábà máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Oko Ọba àti ti Agége pé oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore, ti olówó ni; pé ohun tí tálákà bá rí ni kí ó jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, ó sì ní àṣìṣe nínú. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a má baà fi àṣìṣe náà pa òtítọ́ mọ́lẹ̀, kí a má sì ṣe fi òtítọ́ náà ṣe àwáwí fún àṣìṣe.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi òtítọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde pé iye owó tí ó kéré jùlọ tí àgbàlagbà kan lè fi jẹ oúnjẹ pípé fún ọjọ́ kan jẹ́ 982 náírà, bí a bá kó gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Bí a bá ka 30 ọjọ́ sí oṣù, ó di 29,460 náírà. Ní àkókò náà, owó oṣù tí ó kéré jùlọ tí òfin fi lélẹ̀ láti ọdún 2019 ni 30,000 náírà. Ẹni tí ń gba iye yìí, bí ó bá jẹun bí ó ti yẹ, 540 náírà péré ni yóò ṣẹ́kù fún un láti fi san owó ilé, láti fi wọ ọkọ̀, àti láti fi ra aṣọ. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba sọ owó oṣù náà di 70,000 náírà. Bí a tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé ọjà dúró sójú kan, ọkọ àti aya nìkan yóò jẹ 58,920 náírà nínú rẹ̀ kí a tó bu oúnjẹ fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá sì mọ ọjà wa mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àìmọ̀kan nìkan ni ó ń ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ wa pàápàá. Ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní Èkó, ìjọba amúnisìn dá ètò kan sílẹ̀ láti fi iye lé orí gààrí àti oúnjẹ mìíràn, èyí tí a fi orúkọ Captain Pullen pè. Láti ọdún 1941 títí di 1947 ni wọ́n fi ń gbìyànjú rẹ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò lọ́rùn, ọjà bọ́ sí abẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí pé owó wọn kò ká oúnjẹ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn ni Michael Imoudu ti rélùwéè, ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn baba wa tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Owó iṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò NBS kan náà ni a ti rí ọ̀nà tí ó lọ sí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ náà rí i pé ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó gba owó jù nínú oúnjẹ pípé: wọ́n gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí wọ́n fún ara kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti àwọn irúgbìn bẹ́ẹ̀ ni owó tiwọn kéré jùlọ. Ibi tí àpò òṣìṣẹ́ ti lè mí díẹ̀ nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ ẹ̀yìn sí. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́, àwọn aládùúgbò a máa wò ó bí aláìní; ẹni tí ó bá jẹ búrẹ́dì funfun pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn a pè é ní ọ̀làjú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀. Orúkọ Oko Ọba fúnra rẹ̀ ń pe oko. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé, Agége àti Ìfàkò jẹ́ ilẹ̀ kòkó àti obì. Níbẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker ti dá oko ńlá, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, ó sì ń gbé obì Agége lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí àwọn ènìyàn sì ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Lónìí, Odò Ẹran, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù tí ó ti Òkè Ọya wá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Oko Ọba. Ilẹ̀ tí ó ń bọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀ tí ń fi agolo àti kóńgò ra gbogbo ohun tí ó ń jẹ.

Bí orúkọ Agége bá jáde lẹ́nu ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí, búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ní ilẹ̀ wa ní ìtàn tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, ni ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní ọdún 1921. Òun ni ó mú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ ilẹ̀ wa, èyí tí ó ń mú kí búrẹ́dì wa kì, kí ó sì fà. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní ọba búrẹ́dì, irú iṣẹ́ rẹ̀ sì tàn káàkiri. Ní ọdún 1962 ni ilé ìlọ̀ àlìkámà ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá, láti ìgbà náà ni ìyẹ̀fun funfun kò sì tún jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Kí ni ó kù nínú ìyẹ̀fun náà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti bó o? Ìtàn kan láti ilẹ̀ Jáfà yóò ràn wá lọ́wọ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ọmọ Netherlands kan, Christiaan Eijkman, ń wá ìdí àìsàn beri-beri tí ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó ṣe àkíyèsí pé àwọn adìyẹ tí a fi ìrẹsì bíbó funfun bọ́ ń ṣàárẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fún wọn ní ìrẹsì tí awọ pupa rẹ̀ wà lára rẹ̀, ara wọn a yá. Ohun tí ènìyàn ń bó dànù ni oògùn. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gba ẹ̀kọ́ yìí nígbà ogun: ní ọdún 1942 wọ́n pàṣẹ pé kí a máa fi ìyẹ̀fun tí a kò yọ púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ṣe búrẹ́dì fún gbogbo ìlú. Ó dúdú díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kùn sí i, ṣùgbọ́n ó fi ààyè pamọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì gbe ara ju èyí tí ó funfun lọ.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ búrẹ́dì Agége mọ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí a wo ohun tí a fi ń jẹ ẹ́. Búrẹ́dì àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni. Ìgò ńlá kan lè ní tó ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà nínú. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kan náà pẹ̀lú ẹ̀wà àgányìn, oúnjẹ gidi ni. Òṣìṣẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́ lówùúrọ̀ yóò dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ títí di ọ̀sán láìsí pé orí ń fò ó. Ìṣọ́ra kan wà lórí búrẹ́dì náà. Àwọn abúrẹ́dì kan ń fi èròjà kan tí a ń pè ní potassium bromate sí ìyẹ̀fun kí ó lè wú. NAFDAC ti fi òfin dè é láti ọdún 2003, nítorí pé a fura sí i pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Búrẹ́dì tí ó wú ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó fẹ́lẹ́ bí òwú, kì í ṣe ẹ̀rí pé alábúrẹ́dì lawọ́.

Nísinsìnyí a dé orí ẹ̀wà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà amáradàgbà tí ó wà níbẹ̀ lé ní 20 gíráàmù. Nínú gààrí tí ó wọn ìwọ̀n kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó 2. Ẹ̀pà lé ní 20 bákan náà. Nítorí náà ẹ̀pà tí ènìyàn ń jù sínú gààrí mímu kì í ṣe afẹ́ lásán. Òun gan-an ni oúnjẹ náà. Àwọn ìyá wa kò kàwé lórí èròjà kankan, síbẹ̀ ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́gbọ́n wá. Wọ́n fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n fi ẹ̀wà jẹ ẹ̀gbo. Wọ́n se ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo, wọ́n sì pè é ní àdàlú. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní wí pé ohun tí ẹ̀wà kò ní tó nínú àwọn èròjà tí ń mọ ara, àgbàdo ní i. Ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú àwo kan, wọ́n súnmọ́ ẹran, owó wọn kò sì tó ti ẹran. Ẹ̀gbo pàápàá ní àǹfààní mìíràn, nítorí pé a kì í kó èèrí rẹ̀ dànù tó ti ògì.

Ọ̀rọ̀ ògì yìí kan àwọn ọmọ wa gidigidi. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, èèrí lọ, ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí ó dára sì bá a lọ. Omi pọ̀ nínú èyí tí ó kù. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà bíi ti Shackleford, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní ọdún 1933 ni ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó, lẹ́yìn tí a já wọn lẹ́nu ọmú, tí a sì ń fi ohun tí a fi àgbàdo ṣe nìkan bọ́ wọn. Ní ọdún 1935 ni ó lo orúkọ tí àwọn ará Gá ń pè é, kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ọmọ náà ń jẹun o! Ikùn rẹ̀ yó, ó sì yọ síta. Ohun tí ó jẹ ni kò pé.

Nítorí náà ìyá tí ń fún ọmọ ní ògì, kí ó má fún un ní ògì lásán. Kí ó po ẹ̀pà lílọ̀ kíkúnná mọ́ ọn, tàbí ìyẹ̀fun sóyà tí a yan, tàbí kí ó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò ní ata tì í lẹ́yìn. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sì sí owó tí a fi ń rà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni kí a máa fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí a má sì tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀pà tí ó bu, tí ó sì korò, kí a kó o dànù. Oró wà nínú ìbu náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣa á sí apá kan fún ọmọdé tàbí fún adìyẹ, kò ṣe oore.

Àwọn kan yóò wí pé, Ẹ̀yin akọ̀wé wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ kí àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ Odò Ẹran má jẹ ẹran ni? Rárá o. Ẹran díẹ̀ dára, ó sì ní èròjà tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n kí a mọ èyí tí a ń rà. Pọ̀nmọ́ dùn lẹ́nu, ó sì ń mú ọbẹ̀ kún, ṣùgbọ́n awọ ni. Èròjà inú rẹ̀ kò pé, kò sì lè rọ́pò ẹran. Ẹ̀dọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré, ní èròjà ẹ̀jẹ̀ àti fítámì A lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí aboyún má kàn jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Ẹja ṣáwá àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ t'egungun t'egungun ń mú egungun ọmọ le, ẹdé lílọ̀ díẹ̀ sì lè mú ìkòkò ẹ̀fọ́ kan sunwọ̀n. Àwọn tí ń fi táyà sun awọ ẹran ń fi èéfín olóró sí oúnjẹ ènìyàn, ó sì yẹ kí oníbàárà kọ irú rẹ̀ lọ́jà.

Ẹ̀fọ́ ni ọrẹ́ tálákà tòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ 400 gíráàmù ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́, ó kéré tán. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ewúro, ìlá: èwo nínú wọn ni kò sí ní ọjà Agége? Ohun tí ó ń dùn wá ni pé a máa ń rà á ní ọ̀tun, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fún un gbẹ, a ó sì da omi náà nù pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí a fi owó wa rà. Kí a ṣan ẹ̀fọ́ dáadáa kí a tó rẹ́ ẹ, kí a sì jẹ́ kí ó jinná díẹ̀ nínú ọbẹ̀. Bákan náà ni epo pupa. Pupa rẹ̀ gan-an ni oògùn ojú. Nígbà tí a bá yọ́ epo lórí iná títí pupa rẹ̀ fi parẹ́, a ti sun fítámì A inú rẹ̀. Kí a lò ó ní pupa, kí a sì lò ó ní ìwọ̀nba.

Iyọ̀ ń kọ́? Àjọ kan náà wí pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì kan tí a ré lórí. Ẹni tí ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí ó tún fọ́ horo magí mẹ́ta sí i, kí ó rántí pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú magí pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe kí ó tó mú ènìyàn, oògùn rẹ̀ sì ń fẹ́ owó lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé. Irú wà, tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ kí magí tó dé. Ó ń ta sánsán, ó sì ní èròjà amáradàgbà nínú. Ẹni tí ó bá ń fi irú se ọbẹ̀, tí ó sì dín magí kù, yóò rí i pé ẹnu rẹ̀ yóò bá a mọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí i. Ẹni tí ń fi agolo kan kan ra ẹ̀wà ní ojoojúmọ́ ń sanwó jù. Ìdílé mẹ́rin tí ó wà ní agbo ilé kan lè dá owó jọ bí ẹni ń dá àjọ, kí wọ́n rán ẹni méjì lọ sí Mile 12 tàbí ọjà ńlá mìíràn, kí wọ́n ra àpò kan, kí wọ́n sì fi kóńgò kan náà pín in lójú gbogbo wọn. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ẹ̀wà ní Òkè Ọya, nígbà tí ọdún ń parí lọ, ni ó sábà máa ń dẹ̀ díẹ̀. Kí a jẹ àgbàdo nígbà àgbàdo, kí a jẹ mángòrò nígbà mángòrò, kí a jẹ àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́. Èso tí ó bá wà lásìkò rẹ̀ kì í gun àgbẹ̀ lọ́wọ́, kì í sì í gun olùrà lápò. Ìrẹsì Ọ̀fàdà dára, nítorí pé a kì í bó o títí yóò fi funfun, ṣùgbọ́n ó ti di oúnjẹ àpèjẹ, owó rẹ̀ sì ga. Kí ẹni tí kò ní agbára rẹ̀ má bínú. Ọkà bàbà àti àgbàdo ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

A mọ̀ pé ẹ̀wà ń jẹ gáàsì, gáàsì sì wọ́n. Kí a rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí a da omi náà nù, kí a sì bo ìkòkò nígbà tí ó bá ń hó. Yóò tètè rọ̀, kì yóò sì wú ènìyàn níkùn púpọ̀. Kí a ṣọ́ra fún kánún. Lóòótọ́ ó ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń pa irú èròjà kan náà tí àìsí rẹ̀ fa beri-beri tí a sọ lókè. Kí a sì ṣọ́ra fún ẹ̀wà tí ó ń rùn bí oògùn. Àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn apakòkòrò sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nítorí irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀ ni NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos láàárín ọjà ní ọdún 2019. Ẹ̀wà tí kòkòrò lè jẹ sàn ju ẹ̀wà tí ó pa kòkòrò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n gbogbo rẹ̀ nígbà kan ṣoṣo, tí inú rẹ̀ sì le, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kábáídì ni wọ́n fi pọ́n ọn.

Bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti tán ní Oko Ọba, àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti ṣófo, tí a gbọ̀n dáadáa, tí a sì kó iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà sínú rẹ̀, lè hu tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni a ó ti máa já a. Gbúre kò tilẹ̀ fẹ́ irúgbìn. Ẹ já igi rẹ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀, ẹ bomi rin ín. Ṣùgbọ́n kí a má fi omi gọ́tà bomi rin ohun tí a ó jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn baba ilé. Ìyàwó tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní alẹ́, tí ó ń wọ ọkọ̀ méjì, kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà ní agogo mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ìndomí fi gba ilé wa: kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, àárẹ̀ ni. Bí baba bá fẹ́ oúnjẹ tí ó pé, kí ó ràn ìyá lọ́wọ́ láti ṣa ẹ̀wà, kí ó sì jẹ́ kí ẹran orí àwo rẹ̀ kéré kí ti àwọn ọmọ lè pọ̀ sí i. Àṣà tí ó fi ìtan fún baba, tí ó sì fi omi ọbẹ̀ fún ọmọ tí ń dàgbà, ó yẹ kí a tún un wò.

Ẹ ó rántí Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nínú Bíbélì, tí wọ́n kọ oúnjẹ àdídùn ọba, tí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́wàá jẹ ohun tí ilẹ̀ mú jáde pẹ̀lú omi. Ojú wọn dán ju ti àwọn tí ó jẹ tábìlì ọba lọ. Kí a má sì gbàgbé pé àwọn ọ̀gá wọn fún wọn ní oúnjẹ náà tó. Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè. Lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn olówó ilé iṣẹ́, a ń béèrè owó iṣẹ́ tí yóò ká oúnjẹ, nítorí pé ìṣirò 540 náírà tí a ṣe lókè kò lè jẹ́ ìgbé ayé ènìyàn. Lọ́wọ́ ara wa, a ń béèrè pé kí ìwọ̀nba tí ó bá wọlé má ṣe bọ́ sí ọwọ́ ohun tí kò lè mọ ara. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìtìjú. Ẹni tí ó bá rí i lórí àwo yín, tí ó sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bu díẹ̀ fún un kí ó tọ́ ọ wò. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.